Ilé Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Dákẹ́

"Má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ," ni Tíṣà wí. "Dókítà, mo bẹ̀ ọ́, gbé e mì."

Dókítà ẹranko náà kò tíì dìde. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń fọwọ́ kan etí abo ẹlẹ́dẹ̀ kan tó nà gbalaja. Etí náà ti pọ́n, ó ti ń dúdú lọ bí ojú ẹni tí wọ́n lù. Ara ẹran náà gbóná bí ààrò. Ó ti la inú èyí tó kú láàárọ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ kò ní iyèméjì nínú: ibà ẹlẹ́dẹ̀ ni, èyí tí kò gbóògùn.

"Kò ṣeé gbé mì, mà."

"Mẹ́ta péré ló ń ṣàìsàn! Àwọn yòókù ń jẹun, o ṣáà fojú ara rẹ rí wọn. Ẹlẹ́ran ń gbé ọkọ̀ bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Jẹ́ kí n tà wọ́n kúrò nílẹ̀. Ìwọ náà lo sọ pé àìsàn yìí kì í mú èèyàn."

"Kì í mú èèyàn, mà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tí ọkọ̀ yẹn bá yà sí, á kó o dé ibẹ̀."

"Ṣebí ẹlòmíì ló kó o wá bá mi? Ta ló ro tèmi?"

"Kò sẹ́ni tó rò ó, mà. Ohun tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn."

Tíṣà wò ó títí. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì níléèwé, tí ọkọ rẹ̀ sì kú, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló ń jí i láàárọ̀. "Mo fi ọ́ ṣe ọmọ," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ tí mo bí kò ní ṣe èyí sí mi." Ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Dókítà jáde sí ẹnu géètì, ó tẹ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn láago. Nígbà tí ẹlẹ́ran dé, òun fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú ọkọ̀ náà tó ní kó padà. Ọkùnrin náà ṣépè díẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Nínú gbogbo ọgbà tí Dókítà ń tọ́jú, ibí nìkan ni wọ́n ti ń gbé àga fún un. Níbòmíì, bó bá ti gún abẹ́rẹ́ tán, ó dìgbóṣe. Tíṣà ní tirẹ̀ á po tíì, á sì máa tún èdè rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ó ṣì wà ní kíláàsì. Nígbà tí Dókítà wà níléèwé gíga, ajá olówó àti ẹṣin ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré tọ̀. Òun mú ẹlẹ́dẹ̀, nítorí kò rí ẹranko mìíràn tó gbọ́n tó o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: "Ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ ẹni tó ń fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe lọ́fíńdà?" Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Kò sí ọkọ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú báyìí, kò wá sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbẹ́ kòtò. Dókítà kò jẹ́ kí wọ́n fi igi pa ọ̀kankan nínú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà. Òun ló gún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí títí wọ́n fi sùn. Kọ́tìnì ilé Tíṣà kò ṣí.

Lẹ́yìn náà ni ìpè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ yòókù.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yà lọ́dọ̀ wa. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa," ni ó ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Òótọ́ ni. Òun ló kọ́ wọn pé ẹni tó bá ti ọgbà tó ní ibà bọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ọgbà ẹlòmíì. Wọ́n gbẹ̀kọ́ ju bó ṣe rò lọ. Ó fọ bàtà òjò rẹ̀, ó tún un fọ̀. Ó tan rédíò, ó pa á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oníbúrẹ́dì kí i, ó dá a lóhùn, ó sì ra búrẹ́dì kan. Ìgbà náà ló rántí pé òun kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àná.

Ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì, ó jókòó tì í. Ọgbà kan ṣoṣo ló kù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè pa lára. Kò jẹ búrẹ́dì náà. Ó dìde, ó wọ bàtà.

Ó bá Tíṣà nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ṣófo, tó ká aṣọ sí orúnkún, tó ń fi omi apakòkòrò fọ ilẹ̀.

"Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbí mọ́," ni ó wí láìwẹ̀yìn. "Kí ni dókítà wá wò?"

"Ẹ̀yin ni mo wá wò, mà."

Omi ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Dókítà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé náà lè dákẹ́ tó báyìí.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mi ò sọ pé mo ti dárí jì ọ́ o."

"Mi ò tọrọ rẹ̀, mà."

Tíṣà nàró díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ mú ìbàdí, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "O ti rù," ni ó wí, bí ẹni tó ń báni wí. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Igun ọ̀hún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má sì fọ ọ́ ní ìfọ̀kufọ̀, mò ń wò ọ́."

"Ẹ ṣé, mà," ni Dókítà wí. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì lọ sí igun náà.