Sípánà Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kò sẹ́ni tó pe Neva Stroud wá sí adágún gbígbẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré, láàárọ̀ Sátidé yẹn, òun náà sì mọ̀. Ó páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo ọkọ̀, ó wá ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lórí amọ̀ tí oòrùn ti sá gbẹ. Àwọn tó ti ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín tí wọ́n sì ń mu kọfí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ogún ọdún rí i, wọ́n sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ aráyé! Wọ́n á jẹun ẹni tán, wọ́n á tún máa ṣe bí ẹni tí kò mọni rí.

Ohun tó fà á nìyí. Ọdún méjì sẹ́yìn, Emmett ọkọ Neva ń sáré lórí adágún yìí kan náà, nínú Fọ́ọ̀dù àtijọ́ tí òun àti Verlon ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ tún ṣe. Iná sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Gbogbo páìpù ti yọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí epo ti jò. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí ẹ́ńjìnì, Neva ló tún wọn tò lórí tábìlì ìdáná rẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lù wọ́n lára bó ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n ń da eérú òkú Emmett tí wọ́n sun sórí adágún náà, ojú gbogbo èèyàn ni Verlon ti na ìka sí i: "Kábúrétọ̀ rẹ ló pa àbúrò mi." Raelene, ọmọ kan ṣoṣo tí Neva bí, kó ẹrù lọ sílé Verlon lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Neva alára kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí, kò sì fọwọ́ kan kábúrétọ̀ mọ́.

Kí ló wá ń wá níbí? Ó gbọ́ pé Verlon ti tún Fọ́ọ̀dù mìíràn ṣe, pé Raelene ló sì máa wà á lónìí. Ìyá ni. Ó fẹ́ wo ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà wà lórí ìlà àyẹ̀wò, ó pupa, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Raelene ti wà nínú rẹ̀, akoto lórí, bẹ́líìtì láyà. Neva ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sún mọ́ ọn, àmọ́ ojú oníṣẹ́ ọwọ́ kì í gbọ́ràn. Ó wo kábúrétọ̀ mẹ́ta; wọ́n dáa. Ó wo páìpù epo tó lọ bá wọn. Níbi tí páìpù ti wọ kábúrétọ̀ àárín, ó rí nọ́ọ̀tì búlúù, irú tí àwọn tó ń ṣe bàálù ń lò, tí wọ́n dè mọ́ ìdè idẹ, irú ti ọkọ̀ lásán.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bó o bá yí ọ̀kan mọ́ èkejì, á wọlé, á sì fún dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Ẹnu ti bàálù ṣe ṣóńṣó, ti idẹ tẹ́ jù ú lọ, etí tín-ín-rín kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń kan ara wọn nínú lọ́hùn-ún. Lórí ìdúró, kò ní jò. Tí ẹ́ńjìnì bá wá gbóná, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí eré máìlì àádóje ní wákàtí kan, ó dọwọ́ Ọlọ́run.

"Verlon," ni Neva wí, "nọ́ọ̀tì yẹn kọ́ ló ń bá ìdè yẹn lọ."

Verlon gbórí sókè látinú ẹ́ńjìnì. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n kó tó sọ̀rọ̀. "Ta ló pe apààyàn wá síbí?"

"Bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣáà yọ nọ́ọ̀tì yẹn."

"Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́! O rán bàbá sọ́run, o tún wá wojú ọmọ."

Raelene ò yíjú. "Ọ́ńkù Verlon, ẹ bá mi sọ fún obìnrin yẹn kó máa lọ sílé rẹ̀."

Obìnrin yẹn! Ẹni tó gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Neva lára dé eegun.

Verlon pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, gbàgà! "O ti gbọ́. Ọ̀nà ilé rẹ nìyẹn."

Ká ní ẹlòmíì ni, á ti yí padà. Neva bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú sípánà kan nínú irinṣẹ́ Verlon fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ yí ọkọ̀ náà ká.

Ẹgbẹ́ àwọn asáré adágún yìí ní òfin kan tí wọn ò kọ sínú ìwé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé sípánà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ mira títí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò á fi tú ohunkóhun tí ẹni náà bá tọ́ka sí. Bí wọn ò bá wá rí àléébù níbẹ̀, ẹni tó gbé sípánà á kúrò lẹ́gbẹ́, kò sì ní tẹ adágún náà mọ́ títí ayé. Láti àádọ́rin ọdún, èèyàn mẹ́ta péré ló ti dán an wò, méjì nínú wọn ni wọ́n sì lé lọ. Neva náà ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n bá sì lé e, kò sí ibòmíì tó máa ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí kò ní ibojì. Amọ̀ yìí ló wà.

Bàbá Orrin Tibbs tó ń yẹ ọkọ̀ wò fa fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì fẹ́ràn wàhálà. "Neva, ṣé o mọ ohun tí o ṣe yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Orrin."

"Ó fẹ́ ká rán òun lọ ni," ni Verlon wí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ á ṣe é lóore."

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá Orrin ní kí Raelene tan ẹ́ńjìnì, ó jẹ́ kó pariwo fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ó ní kó pa á. Ó fi aṣọ funfun nu yí nọ́ọ̀tì náà ká. Ó gbé aṣọ náà sókè sójú oòrùn. Kò sí epo kankan lára rẹ̀.

"Ó gbẹ o, Neva."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kó máa kí ilé, ó dàárọ̀. Verlon ń pàtẹ́wọ́.

"Mi ò sọ pé ó ń jò," ni Neva wí. "Mo ní kí wọ́n tú u."

"Kí wọ́n tú u kẹ̀? Ṣé kí wọ́n má kúkú tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀ nítorí orí kunkun rẹ?"

"Verlon, panu mọ́," ni bàbá náà wí. "Ohun tó bá tọ́ka sí ni mo máa tú."

Ó tú u. Epo tó kù nínú páìpù dà sínú agolo. Neva ò fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ẹ fi ìka wo inú idẹ yẹn, Bàbá. Ibo ni wọ́n ti kanra?"

Bàbá Orrin fi ìka wò ó, ó tún gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ìlà kan ló wà nínú idẹ náà, tó ń dán, tí kò nípọn ju irun lọ. Kò tiẹ̀ yí po. Lápá kan, wọn ò kanra rárá. Ó na ìdè náà sí ẹni tó dúró tì í, ìyẹn wò ó, ó na án sí ẹlòmíì. Ẹ̀rín tán.

"Verlon," ni bàbá náà wí, "èyí ò dáa."

Ká ní Verlon dákẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbá àyà. "Kí ni kò dáa níbẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ogójì ọdún ni mo ti ń dè é bẹ́ẹ̀! Kò sí ọkọ̀ tí mo fọwọ́ kàn tí mi ò dè bẹ́ẹ̀! Tèmi, tàwọn ará ìlú Bakersfield yẹn, ti Emmett..."

Ó dákẹ́.

Neva gbọ́ orúkọ náà, kò tètè yé e. Verlon kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Emmett ló máa ń gbé kábúrétọ̀ lọ síbẹ̀ láti ilé, Neva ò rí páìpù ọkọ̀ yẹn rí títí tó fi jóná. Nígbà tó wá yé e, ó wo nọ́ọ̀tì búlúù náà, ó wá wo Verlon.

"Kábúrétọ̀ ni," ni Verlon wí. Ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo yín mọ̀ pé kábúrétọ̀ ni." Ó já ìdè náà gbà, ó fẹ́ dè é padà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ọjọ́ ti ń lọ. Raelene, tan ẹ́ńjìnì, a ti pẹ́."

Aláàánú á ti sọ pé ó tó. Neva kì í ṣe aláàánú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ò sì dá a lẹ́bi. Ó sún mọ́ Verlon débi tó fi ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Dè é," ni ó wí. "Dè é kó fún dáadáa, bó o ṣe dè é fún Emmett."

Verlon jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ọ̀tì búlúù náà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lọ bá a.

Raelene ti tú bẹ́líìtì. Ó jáde, ó bọ́ akoto, ó sì rìn kọjá níwájú Verlon wá dúró síwájú ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìbínú ni kì í ṣe ìfẹ́. "Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ láti ọdún méjì pé ẹ̀yin kọ́, ẹ wá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa kórìíra yín. Irú ìyá wo nìyẹn?"

Neva wo ọmọ rẹ̀ lójú.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Èmi náà gbà pé èmi ni mo pa á."