Òkun Tó Bá Fóòmù Lọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023, ni Aunty Kúnbi gbé àwòrán náà wá láti Ogudu. Férémù ni mo ń ṣe ní Ketu. Gíláàsì àwòrán náà ti fọ́, ikán sì ti jẹ igi rẹ̀.

"Ẹ rọra o, Ọ̀gá Àtàndá. Ti Daddy mi ni."

Ìlú kékeré kan ni wọ́n yà sórí pépà: ilé funfun mẹ́fà létí òkun, ọkọ̀ ojú omi méjì. Aunty Kúnbi ní ọmọ Júù kan ló yà á, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sá láti Rọ́ṣíà lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú tó gbà á lọ́hùn-ún ló yà sí i. Ó ti darúgbó nígbà tó fún Daddy, tó lọ kàwé níbẹ̀, ní yàrá lọ́dún 1959, tí àwọn onílé mìíràn ń tilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ọjọ́ tí Daddy ń bọ̀ wálé ló yọ àwòrán náà lára ògiri fún un.

"Dókítà ní ká máa gbé Daddy lọ sílé. Àwòrán yìí nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n fẹ́ máa rí i látorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di Saturday."

"Kò le, Mà."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Rùfáì, ará Ṣakí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí n nu ojú fọ́tò kí n tó fi gíláàsì bò ó. Ó gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀ lọ́dún 1996. Fóòmù tútù, ọṣẹ díẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò òkú, gbogbo wọn ni mo ti nù bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gé igi, ínǹṣì mẹ́rìnlá sí ogún. Èbu wà lójú àwòrán náà. Mo ki fóòmù bọ omi, mo fún un, mo nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òkun bá fóòmù lọ.

Mo fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́. Ilé mẹ́ta tún bá aṣọ lọ. Ọkọ̀ méjèèjì di àbàwọ́n kan. Ohunkóhun tí mo bá ṣe ló ń bà á jẹ́ sí i, ni mo bá káwọ́ sẹ́yìn, mò ń wò ó.

Ọpẹ́, tó ń kọ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yọjú. "Haa! Bọ̀dá, omi ni wọ́n fi po ọ̀dà ẹ̀ o!"

"Ṣé o lè tún un yà?"

"Èmi tí mò ń kọ 'Vulcanizer'? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

Ní Saturday, Aunty Kúnbi dé. Baba rẹ̀ fúnra wọn jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè dúró dè é nílé. Mo gbé pépà náà jáde láìsí férémù, mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá títì.

"Kí lo ṣe?" Aunty Kúnbi kò rántí "ẹ" mọ́. "Àtàndá, kí lo ṣe fún mi?"

Baba gbé pépà náà lé orúnkún. Wọ́n fi ìka tọ ibi tí òkun wà tẹ́lẹ̀.

"Kí lo fi nù ún?"

"Fóòmù, sà."

"Fóòmù náà dà?"

Mo sáré mú un wá. Ó ti gbẹ, ó dàbí aró lápá kan. Wọ́n dì í mú. Aunty Kúnbi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọn kò fún un.

"Dìde nílẹ̀," ni Baba wí fún mi.

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìdìde náà ṣe. Mo dúró títí ọkọ̀ wọn fi gbé pépà àti fóòmù lọ.

Férémù tí mo kàn fún un ṣì wà lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kò bá nǹkan mìíràn mu.