Kọ́nà Tó Wà Lókè Adágún

Níbi ìsìnkú náà, gbogbo èèyàn ló ń retí ìgbà tí ìyàwó olóògbé máa sunkún. Kò sunkún. Ó ń gbé àga fún àwọn tó wá kí wọn, ó ń kó ife tí wọ́n ti lò, ó ń dá kálukú lóhùn pé ẹ ṣeun, ẹ kú ìrìn. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n dì mú lápá méjèèjì kó má baà ṣubú, ń wò ó láti ọ̀ọ́kán.

"Irú ọkàn wo lèyí?" ni ìyá náà wí, kò sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ọkọ náà ń ṣe. Ó máa ń kó àwọn àlejò gun kẹ̀kẹ́ la àárín òkè kọjá, láti ìlú wọn títí dé adágún ńlá tó wà lódìkejì, ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tún àwọn kẹ̀kẹ́ náà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn: ó ń lẹ táyà, ó ń fún bíréèkì, ó ń fi òróró pa ṣéènì. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ọkọ nìkan lọ wò ó bóyá ọ̀nà ṣì ṣeé gbà. Ní kọ́nà tó wà lókè adágún, táyà rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì já sísàlẹ̀. Ẹnì kan tó ń da àgùntàn ló rí òkú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ara obìnrin yìí ti kú tipiri. Kì í ṣe pé ó ń ronú o. Kò ronú rárá. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ó sì dúró tó ń wo ìka rẹ̀ bíi pé ìka ẹlòmíràn ni.

Àwọn àlejò kan ti gba ààyè sílẹ̀ kí ọkọ tó kú. Àbúrò ọkọ ní kí àwọn ránṣẹ́ sí wọn pé kò sí ìrìn àjò mọ́. Agùntáṣọọ́lò ni ìyàwó máa ń pe àbúrò ọkọ yìí, orúkọ tó fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, nítorí ó ga bí òpó iná.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo máa mú wọn lọ."

"Ìyàwó wa, ẹ sinmi díẹ̀ náà."

"Kí ni mo fẹ́ sinmi ṣe, Agùntáṣọọ́lò? Ẹ kàn bá mi wa ọkọ̀ ẹrù tẹ̀lé wa."

Ìyá ọkọ gbọ́, ó ní òun náà ń bọ̀. Ó fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí ọmọ òun ṣubú sí. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé rárá?

Àlejò mẹ́ta ló wá: ìyá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti tọkọtaya kan tí ìgbéyàwó wọn ò tíì pẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà wọ aṣọ kẹ̀kẹ́ kan tó fún mọ́ ọn lára, tó ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi.

"Ẹ bá mi wò ó," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Tó bá jẹ́ pé aṣọ yìí ló wọ̀ wá tọrọ mi, ilẹ̀kùn ni bàbá mi ì bá tì mọ́ ọn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Opó náà rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì la ẹnu.

Ọ̀nà náà dára o. Kùrukùru òwúrọ̀ dùbúlẹ̀ sínú àfonífojì bí òwú tí wọ́n tú sílẹ̀, àwọn òkè sì yọrí lókè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba orí afárá onípákó kọjá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ oko tí òdòdó pupa rẹ̀ lọ salalu. Ìyá tíṣà ò lè dé kọ́nà kan kó má dúró. "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ẹ má sáré kọjá iṣẹ́ Ọlọ́run!" Obìnrin náà ń sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ fún àlejò: ẹ mu omi níbí, ẹ má tíì yọ̀, òkè yìí ẹlẹ́tàn ni, orí rẹ̀ tí ẹ rí yẹn kọ́ lorí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ìgbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Lọ́sàn-án, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹyin.

"O jẹun dáadáa," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Èmi ò lè gbé e mì."

Obìnrin náà ká ọ̀rá búrẹ́dì pọ̀. Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára rẹ̀, ó dìde.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ga jù. Agùntáṣọọ́lò ti gbé Màámi síwájú lọ sí kọ́nà náà. Obìnrin náà kó àwọn àlejò jọ.

"Láti ibí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títí dé etí omi. Ẹ má sáré. Kọ́nà kan wà nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti rí ọkọ̀ wa, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn."

Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ rọra ń lọ. Ìgbà tó yá, afẹ́fẹ́ dùn mọ́ ọn, ó jọ̀wọ́ bíréèkì, ó sì yà wọ́n sílẹ̀ fìrì. Ìyàwó rẹ̀ pè é. Ó juwọ́ láìwẹ̀yìn.

Igbe Màámi ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. "Ọmọ mi! Ọmọ mi ti jábọ́!" Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó káwọ́ lérí, Agùntáṣọọ́lò dì í mú, kẹ̀kẹ́ wà létí ọ̀nà tí táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Obìnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fìdí wọ́ lọ sísàlẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ló gba ọ̀dọ́kùnrin náà dúró. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, apá ọ̀tún rẹ̀ sì tẹ̀ síbi tí kò yẹ kí apá tẹ̀ sí.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Apá mi."

"Mo rí i. Ẹ má mira."

Ó wọnú igi náà lọ bá a. Ó fi páǹpù kẹ̀kẹ́ gbé apá náà ró, ó fi túùbù táyà dì í, ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó sì ké sókè pé kí wọ́n ju okùn wá. Wọ́n fà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ọ̀dọ́kùnrin náà ń sunkún, ó ń bú u, ó ń fẹnu kò ó lórí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọwọ́ yín ò tiẹ̀ gbọ̀n," ni ìyá tíṣà wí fún obìnrin náà.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni.

Agùntáṣọọ́lò gbé àwọn àlejò lọ sí ilé ìwòsàn tó wà létí adágún. Kò sí ààyè mọ́ nínú ọkọ̀, ni ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá ń fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó ń ti kẹ̀kẹ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Màámi fi dúró.

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ?"

Ó wolẹ̀. Ẹ̀ka igi kan ti ya ojúgun rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kún bàtà rẹ̀, ó ń kán sí ọ̀nà.

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"O ò mọ̀ báwo? Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

"Kò dùn mí. Kò sí nǹkan tó ń dùn mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá sọ fún mi."

Màámi tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fa ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Mo rò pé o ò fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ rò bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Kò dá mi lójú, Màámi. Mo wá ìfẹ́ náà nínú ara mi, mi ò rí i. Mo ní bóyá òótọ́ lẹ sọ."

Ni Màámi bá bú sẹ́kún, ó fi orí lé orúnkún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó ń wo adágún náà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ lórí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

Wọ́n to eegun apá ọ̀dọ́kùnrin náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì padà sílé. Nọ́ọ̀sì rán ojúgun obìnrin náà, ẹnu yà á pé kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́, ìyá tíṣà ní òun ò ní padà láì yí adágún ká. Ni wọ́n bá jọ gba ọ̀nà tó tẹ́jú, wọ́n rọra yí i ká.

Màámi kò padà sílé tirẹ̀ mọ́. Ó kó ẹrù wá, ó ní ẹsẹ̀ yẹn fẹ́ olùtọ́jú. Ẹsẹ̀ san, kò lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣọ́ọ̀bù ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà wá sípánà kan títí, kò rí i. Ó bá gbogbo sípánà rẹ̀ nínú abọ́ ìfọṣọ, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, omi ṣì wà lára wọn.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan irinṣẹ́ mi?"

Ohùn náà gba ilé kan. Oníbàárà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ má bínú."

"Má bẹ̀ mí," ni Màámi wí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Tún un sọ."

"Kí ni kí n tún sọ?"

"Èyíkéyìí tó bá wá sẹ́nu ẹ. Mò ń gbọ́."

 Obìnrin náà mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn sípánà náà gbẹ. Àyà rẹ̀ ń lù kì kì kì nítorí igbe tó ké; ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó dúró, ó ń tẹ́tí sí i, títí tó fi rọlẹ̀.