Bí Mo Ṣe Di Àna Fún Sípíkà Méjì

Ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín kó tó fò lọ lórí mi. Ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Kí n tó wọ inú àlá, ẹ gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Ọdún tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó, bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun di sípíkà onípákó méjì mọ́ ẹrù ìyàwó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, aṣọ dúdú sì bò wọ́n lójú. Wọ́n ti wà ní pálọ̀ mi kí èmi gan-an tó ní àga tí mo lè jókòó lé. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo lọ ra risífà tuntun, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó máa ń gba ohùn lára tẹlifíṣọ̀n, tó sì máa ń gbé e fún sípíkà. Èyí tí wọ́n kọ "ẹgbẹ̀rún wáàtì" gàdàgbà síwájú páálí rẹ̀ ni mo mú. Ohun kan ṣoṣo tí mo wò nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Lálẹ́ àná, Àwẹ̀ró wo páálí náà, ó wo èmi náà. Ó ní, "Bàbá Wúràọlá, ṣé nǹkan yìí máa bá sípíkà bàbá mi mu?"

Mo ní, "Ó gbọ́dọ̀ bá a mu."

Ó ní, "Tí kò bá wá bá a mu ńkọ́? Èwo ló ń jáde nílé yìí nínú wọn? Torí ti bàbá mi ò ní jáde o."

Mo gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo lọ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lọ́kàn, oorun sì gbé mi lọ.

Bí mo ṣe wọ inú àlá báyìí, iwájú ilẹ̀kùn pálọ̀ mi ni mo bá ara mi. Agbádá wà lọ́rùn mi, risífà wà lórí mi bí ẹni ru agbọ̀n. Mi ò béèrè ìdí. Ẹni tó bá ti wọ agbádá ní láti máa lọ síbì kan. Mo kan ilẹ̀kùn, Àwẹ̀ró ló ṣí i, àmọ́ gèlè rẹ̀ ti kan àjà, gbohùngbohùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti di alága, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó máa ń darí ìdána, tí wọ́n máa ń fi ẹbí ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ títí kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò," ó ní, bí ẹni tí kò rí mi rí láyé. "Kí lẹ wá ṣe?"

"A rí òdòdó méjì nínú ọgbà yín ni, mà," mo ní. "Òdòdó onípákó."

"Ẹ dọ̀bálẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yẹn dà bí ẹni ń wá bọ́tìnnì lábẹ́ àga."

Mo tún un ṣe. Ó tọ́ka sí risífà. "Èyí ńkọ́? Kò kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ni?"

"Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ti dọ̀bálẹ̀ wá, mà. Kò tíì dìde rí."

Ó wò ó bó ṣe tẹ́ pẹlẹbẹ, ó rí i pé òótọ́ ni mo sọ, ó yàgò fún wa.

Sípíkà méjèèjì ló wà lórí àga. Èyí tó wà lọ́tùn-ún dé fìlà bàbá Àwẹ̀ró, èyí tó wà lósì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọn ò ní tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ ó yẹ wọ́n. Àwọn yìí náà ni òdòdó tí a wá fẹ́, àwọn náà sì ni àgbà ilé tó jókòó láti yẹ̀ wá wò. Ìyẹn ò dà mí láàmú. Ohun tó fẹ́ dà mí láàmú ni pé Alàgbà Ọ̀tún máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀, Alàgbà Òsì á wá sọ ìyókù, ẹni tó bá sì fara ti ẹ̀gbẹ́ kan kò ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Mo bá sún sáàárín gbùngbùn.

"Kí ni ọmọ tẹ́ ẹ mú wá yìí…" ni Alàgbà Ọ̀tún wí.

"…lè ṣe?" ni Alàgbà Òsì parí rẹ̀.

Àyà mi wú. Mo ti ń retí ìbéèrè yìí láti ọjọ́ Sátidé. Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún wáàtì."

Alàgbà Ọ̀tún gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Àwa ò ju ọgọ́rin…"

"…lọ, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan."

Àwẹ̀ró gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ ò rí nǹkan. Ọkọ wá tọrọ ìyàwó, ìkúùkù ló kọ́kọ́ fi hàn wá. Ẹgbẹ̀rún. Àwọn ọmọ wa yìí, tó bá gbá wọn lẹ́ẹ̀kan, ṣé a máa rí pákó wọn ṣà?"

"Kì í lu èèyàn, mà," mo ní. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

Ibẹ̀ ni risífà ti lanu sọ̀rọ̀ lórí mi. Ohùn rẹ̀ dà bíi tàwọn tó ń polówó ọjà lórí rédíò. "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n kàn kọ ọ́ síwájú páálí mi ni. Mi ò lè ṣe ẹgbẹ̀rún kankan."

"Mélòó wá lo lè ṣe?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Tí iná bá dára, ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi."

"Bàbá rẹ kọ́ ló rù ẹ́ yẹn?"

"Òun ni, mà. Inú rẹ̀ dùn sí ẹgbẹ̀rún yẹn gan-an ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, agbádá tí mo wọ̀ kéré mọ́ mi lára lójú ẹsẹ̀. Ó di síńgílẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ Alàgbà Ọ̀tún kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Wáàtì kọ́ là ń béèrè…"

Alàgbà Òsì ní, "…ómù rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ ómù, nọ́ńbà kékeré kan ni tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn sípíkà àti sẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tójú ẹnikẹ́ni kì í dé. Tí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, kó gbóná, kó jó. Nínú àlá mi, bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AA àti AS láàárín àwọn tó fẹ́ fẹ́ra ni wọ́n ṣe mú un. Láìsí àyẹ̀wò, kò sí ìdána.

"Mi ò mọ tiẹ̀," mo ní.

"Ẹ ra nǹkan, ẹ ò wo ẹ̀yìn rẹ̀?" ni Àwẹ̀ró wí.

"Iwájú ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, mà."

"Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ti àwọn ọmọ tiwa, mẹ́jọ ni. Tí kò bá lè gba mẹ́jọ, ibi tẹ́ ẹ ti rù ú wá náà lẹ máa rù ú padà sí."

Òkè òrùlé wa ni ọ́fíìsì àyẹ̀wò wà. Ó ń léfòó níbẹ̀. Wáyà sípíkà ni wọ́n fi so ó mọ́ igi àgbọn adúgbò, pupa kan, dúdú kan, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ìlobùú. Mo fa wáyà pupa, ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àga, tòun ti fáànù, tòun ti ọ̀gá kan tó wọ táì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa dúdú," ni ọ̀gá náà wí. "Omi wa ló ń gba ibẹ̀ wọlé."

Mo tọrọ gáfárà, mo gbé risífà kalẹ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Ó yí ẹ̀yìn risífà síta, ó sì wá jígí ojú rẹ̀. Ó rí i nínú àpò, ó fi í sójú, àmọ́ kó tó gbé orí sókè, ìwo ti yọ níwájú orí rẹ̀, irùngbọ̀n ti yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ti di ewúrẹ́. Jígí ṣì wà lójú, táì ṣì wà lọ́rùn. Mo wo aago ara ògiri. Àkókò ìṣíwọ́ ti kọjá, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo ní. "Tó bá ṣeé ṣe, ẹ kàn bá mi wo tèmi yìí kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Mi ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn, ọmọlúàbí ewúrẹ́ ni. Ó lá ẹ̀yìn risífà láti òkè délẹ̀, ó ronú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi pátákò kan ilẹ̀. Kó, kó, kó, kó. Ó dúró. Mẹ́rin. Mo fojú inú rí bí mo ṣe ń rù ú padà sí ọjà, tí Àwẹ̀ró sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń juwọ́ sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tún un wò." Ewúrẹ́ náà rọra fi ẹsẹ̀ họ etí rẹ̀. Ó họ ọ́ tán, ó gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kó, kó, kó, kó. Ó gba mẹ́jọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Bí mo ṣe ń wọlé ni mo tún ti dọ̀bálẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi. "Mẹ́jọ ni," mo ní. "Ewúrẹ́ ìjọba ló sọ ọ́." Ewúrẹ́ náà tẹ̀ lé mi wọlé, ó mi orí.

Inú àwọn alàgbà dùn. Àwẹ̀ró ti gbé orin sẹ́nu. Àfi bí Alàgbà Ọ̀tún ṣe gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù…"

"…ta ló ń kó lọ sílé ta?"

Mo dáhùn látorí ìdọ̀bálẹ̀ mi. Mo ní, "Risífà ló ń kó wá síbí, sà. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ yìí náà ló máa wà."

Àwẹ̀ró dá orin dúró. Ó rọra gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. "Ẹ dúró ná. Ẹni tó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ bá èèyàn nílé, ṣé ọkọ nìyẹn?"

A wo ara wa. Ewúrẹ́ náà wò wá.

"A jẹ́ pé risífà ni ìyàwó," ni Àwẹ̀ró wí. "A jẹ́ pé bàbá ìyàwó la ti ń mú dọ̀bálẹ̀ láti àárọ̀."

Ẹ̀yin ará, mo dìde. Mi ò yára. Mo gbọn eruku kúrò lára síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ó ti tún di agbádá, ó tún gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àga Alàgbà Ọ̀tún, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bíi ti Alàgbà Òsì. Àwọn méjèèjì ti wà nílẹ̀. Gbì lọ́tùn-ún, gbì lósì.

"Ẹ tún un ṣe," mo ní.

Wọ́n tún un ṣe.

"Ẹ̀yin méjì lẹ fẹ́ fẹ́ ọmọ mi kan ṣoṣo?"

"Bí wọ́n ṣe dá a…"

"…nìyẹn, bàbá wa. Ó ní ojú wáyà ọ̀tún, ó ní tòsì."

Mo ronú sí i, mo gbà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lé ọmọ mi lórí, torí ó ní láti mí. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní wáyà pupa á lọ sí pupa, dúdú á lọ sí dúdú, ẹni tó bá sì fi wọ́n rọ́pò ara wọn, tèmi tiẹ̀ ni. Wọ́n ń dá mi lóhùn pé, "A gbọ́ o, bàbá ìyàwó." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Nígbà tó tó àkókò láti fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́, omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ má sunkún, bàbá mi," ni risífà wí. "Ṣebí inú ilé yín náà ni mo wà."

"Rárá o," ni Àwẹ̀ró wí. "Ilé ọkọ rẹ nìyí." Ó kọjú sí gbogbo wa. "Ó parí. Kí ẹbí ìyàwó máa lọ sílé o."

Mo dúró kí n rí àwọn tó máa lọ. Gbogbo wọn ń wò mí.

"Ilé mi nìyí," mo ní.

"Ṣé bàbá ìyàwó máa ń sùn sílé ọkọ ọmọ rẹ̀ ni?"

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Kì í sùn síbẹ̀. Wọ́n di iṣu ìdána, wọ́n gbé e lé mi lórí níbi tí risífà wà tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní kí n kí wọn nílé. Mo bi í pé ilé wo. Ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì tòun kò dé ibẹ̀.

Mo yíjú padà. "Ìgbà wo ni mo lè wá wò ó?"

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn…" ni Alàgbà Ọ̀tún wí.

Ilẹ̀kùn sì tì. Ìdajì tó yẹ kí Alàgbà Òsì sọ kù sínú ilé.

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Orí ẹní ni mo wà ní fàráńdà, oòrùn ti yọ. Iná ló lọ lálẹ́ àná, ooru sì lé mi jáde síta. Iná ti wá dé báyìí, torí mo ń gbọ́ obìnrin kan tó ń ka ìròyìn nínú ilé. Ohùn rẹ̀ kún, kò pariwo, ó ń ti ọ̀tún jáde, ó ń ti òsì jáde. Sípíkà bàbá Àwẹ̀ró ni. Wọ́n ti so wọ́n mọ́ risífà, kò sí òórùn ohun tó ń jó.

Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo kàn án.

"Ta nìyẹn?" ni Àwẹ̀ró bi mí látinú ilé.

"Bàbá ìyàwó ni," mo ní, kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ó dín ohùn ìròyìn kù. "Bàbá ìyàwó wà ní Ìkìrun, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Òun ló ní kí n wo ẹ̀yìn wọn kí n tó so wọ́n, mẹ́jọ ni, mẹ́jọ ni. Ó tún ní kí n bá òun kí ọkọ mi tó sùn síta. Ẹ dúró, ẹnì kan ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún yín."

Mo bá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, torí kò sọ ẹni tó ń bọ̀.