Ọ̀gágun Inú Ilé Láoyè

Bí Láoyè bá ké ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ pé "Benin ku ẹnìkan!", àwọn tó ń lọ sí Èkó pàápàá á bojú wẹ̀yìn. Èrò ló ń pè sọ́kọ̀, ohùn rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n nínú ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Odígbó, ẹ̀dá kan wà tí kò ka ohùn yẹn sí rárá. Ọmọ ajá ni, kò tíì ga tó garawa.

Waheed, àgbàṣe tó ń gba oko kòkó ro ní Àgọ́ Aláyè, ló fi í ta Láoyè lọ́rẹ. Láoyè fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gágun, orúkọ sì ro ó. Ó gba àga Láoyè, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Bí èèyàn bá sún mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀, á máa kùn bíi jẹnẹrétọ̀. Joanna, àkọ́bí wọn, kì í fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ mọ́ nítorí eyín ajá bó bá ń lọ sílé ìdáná. Orí àga dé orí àga ló ń fò. Kò sí ìró Fadékẹ́, ìyàwó Láoyè, tí ajá náà kò tíì fi eyín fa etí rẹ̀ ya.

"Jókòó!" Láoyè á jágbe mọ́ ọn.

Ọ̀gágun á gbó padà. Láoyè á tún jágbe, ajá á tún gbó, títí àwọn ará ilé kejì á fi rò pé èèyàn méjì ló ń jà.

Nígbà tó sú Láoyè, ó ránṣẹ́ pe Wòlíì Ọlọ́runfúnmi láti ilé àdúrà wọn. Wòlíì dé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà bí ìṣe wọn.

"Ẹ̀mí àìgbọràn ni," ni Wòlíì wí. "Ẹ dijú."

Àdúrà ń lọ geere, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ "Halelúyà!" kan tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Láoyè lajú. Ọ̀gágun ti fi eyín kan gìgísẹ̀ Wòlíì. Eyín kò wọlé, ṣùgbọ́n Wòlíì ti wà lórí àga, ó ká sùtánà dé orúnkún. Ọ̀gágun ń wọ́ àmùrè rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì. Fadékẹ́ fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹkún ló ń sun.

Nígbà tí Wòlíì lọ tán, Fadékẹ́ kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Joanna, ta ló ń fi ìka sí ajá yìí lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín bó bá gé e jẹ?"

Láoyè ń wo àjà.

"Ta ló ń bu ẹran fún un látinú àwo ara rẹ̀ bó bá ti gbó?"

"Eré ni mò ń bá a ṣe."

"Òun náà, eré ló ń ṣe."

Láoyè pe Waheed lórí fóònù. Waheed kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń jágbe, ó rò pé ẹ̀ ń bá òun gbó ni. Bó bá ti gé yín jẹ, ẹ dákẹ́, kí ẹ kẹ̀yìn sí i. Gbogbo ilé ni o. Kí oúnjẹ má kanlẹ̀ àfi tó bá jókòó."

Kí Láoyè dákẹ́! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gágun dì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó gbé e mì bí ẹni ń mu àgbo kíkorò. Ó kẹ̀yìn sí i, ó dúró bí òpó iná. Ajá fà á títí, ó sú u, ó sì jókòó.

"Ó ti jókòó o!" Láoyè ké tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀gágun tún fò mọ́ ṣòkòtò náà.

Bí wọ́n ṣe ń bá a fà á nìyẹn, lónìí ó gbọ́, lọ́la ó gbàgbé, títí ó fi yé e. Nígbà tí Wòlíì tún yà, bàtà òjò ló wọ̀. Ọ̀gágun wò ó, ó sì jókòó jẹ́jẹ́.

"Àdúrà ti gbà," ni Wòlíì wí.

Láoyè fẹ́ sọ̀rọ̀. Fadékẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Àmín," ni Láoyè wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ebi ń pa Láoyè bọ̀ láti gáréèjì, ó sì jágbe látẹnu ọ̀nà: "Oúnjẹ mi dà? Ṣé kò sẹ́nìkan nínú ilé yìí ni?"

Joanna dákẹ́, ó kẹ̀yìn sí i. Olúwaníyì àbúrò rẹ̀ náà kẹ̀yìn. Fadékẹ́ dúró nídìí ààrò, ó ń wo ògiri bí ẹni tó rí àwòrán níbẹ̀. Ọ̀gágun nìkan ló kọjú sí Láoyè.

Ọ̀rọ̀ náà yé Láoyè díẹ̀díẹ̀. Ó rọra fa àga, ó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí ní ohùn kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, "ṣé oúnjẹ ti jinná?"

Fadékẹ́ gbé ẹ̀bà kalẹ̀.