Àwo Tí Kò Ní Ègbè

Àbúrò mi kó àwọn orin tí ìyá wa máa ń kọ jọ sínú àwo kan, ọjọ́ tí ìyá wa sì gbọ́ àwo náà ló dákẹ́.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn oníròyìn ti sọ ọ́ lọ́nà tiwọn, wọ́n ní àwo náà jẹ́ òdòdó tí ọmọ fi sí ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé ìtura ni mò ń fọ̀, èmi ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyá wa, ìṣojú mi sì ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ elégbè ni ìyá wa fi tọ́ wa. Obìnrin olórin kan wà nígbà náà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá. Òun ló ń lé orin, ìyá wa àti àwọn obìnrin méjì mìíràn ń gbè é. Orúkọ Ọ̀gá ló ń wà lára àwo, àwòrán Ọ̀gá ló ń wà níwájú. Àwo kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí apá ìyá wa lẹ́yìn Ọ̀gá, láti èjìká dé ìgúnpá. Ojú rẹ̀ kò bọ́ sínú fọ́tò. Apá yẹn la fi ń yangàn nílé ìwé.

Òfin kan ni elégbè ní, ìyá wa sì ti fi kọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní ABD. Bí ẹni tó ń lé bá la ẹnu, ìwọ pa tìrẹ dé. Nàró, jẹ́ kí apá rẹ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, máa wo ọwọ́ òsì Ọ̀gá. Bí ọwọ́ yẹn bá gbéra, o wọlé. Bí kò bá gbéra, o ò gbọdọ̀ mí sókè. "Elégbè tó bá sáré ju ẹni tó ń lé lọ," ni ìyá wa máa ń wí, "kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Ọ̀gá kú, ẹgbẹ́ tú, ìyá wa wá ń bá mi ká aṣọ. Nígbà tó yá, àìsàn ìgbàgbé dé. Ó kọ́kọ́ gba orúkọ àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó wá gba àwa ọmọ. "Ìyá alágbàfọ̀" ló wá ń pè mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá alágbàfọ̀, ẹ ṣeun o. Ọmọ mi máa tó wá mú mi lọ sílé."

Mo ní, "Ọmọ yín dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó níwà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àìsàn yẹn tún ṣe ohun kan tí n kò rò. Ó jẹ́ kó gbàgbé pé elégbè lòun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òun di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú lápá kan, èmi dì í mú lápá kejì, ó kàn ṣàdédé lé orin Ọ̀gá:

"Ta ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn?"

N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láti kékeré. Ibi tirẹ̀ nínú orin yẹn ni "Ẹni wa ni, ẹ jẹ́ kó wọlé." Ó dúró, ó ń wò mí, ó sì gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀. Mo gbè é. Ohùn mi dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ bẹ́ǹṣì nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbè é. Ó mi orí sí mi bí ọ̀gá ṣe ń mi orí sí ọmọ iṣẹ́, ó bọ́ sí ìlà kejì.

Láti ọjọ́ yẹn, orin la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ń lé, mo ń gbè é, aṣọ ń ká. Ó ń lé, mo ń gbè é, mo sì ń ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu láàárín ìlà kan sí èkejì. Bí kò bá sí orin, á di eyín pọ̀, kò sí bí mo ṣe lè bẹ̀ ẹ́ tó. Dókítà tó ń wò ó sọ fún mi pé, "Ohun tó bá ń jẹ́ kó jẹun, ẹ dì í mú." Mo dì í mú. Ìyá mi tó ti ń dúró sẹ́yìn ẹni láti ìgbà èwe wá ń lé orin, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń jẹun. N kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi ni Màmá ń pè ní Ìkẹyìn nígbà tó ṣì ń rántí. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Ìjà tú wọn ká. Ọ̀kan nínú wọn lọ sọ lórí rédíò pé Ìkẹyìn kò lè dá dúró, pé ẹ̀yìn àwọn ló ń fara pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó fẹ́ ṣe àwo tirẹ̀, kò rí orin kọ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ wá ní kó mú orin àtijọ́ tún kọ, pé ohun tí etí bá ti mọ̀ làwọn èèyàn ń rà. Ó rántí orin Ọ̀gá. Àwọn ọmọ Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ó wá sílé láti wá gbọ́ bí Màmá ṣe ń kọ ọ́.

Ó gbé fóònù sórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ. Màmá lé, mo gbè é.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ohùn yín ń bo ti Màmá."

"Bí mi ò bá gbè é, kò ní lọ síwájú."

"Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ìlọta ni mò ń gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ̀rọ ìlọta yìí ló ń bọ́ ìyá ẹ."

A rẹ́rìn-ín. Màmá náà bá wa rín in, kò mọ ohun tá à ń rín.

Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀, mo bi í léèrè pé, "Àwọn wo ló máa bá ẹ gbè é?"

"Kò sẹ́ni. Dùùrù á gbè é."

"Dùùrù kẹ̀? Orin elégbè ni orin yẹn."

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa mi. Bí ohùn ẹlòmíràn bá fi wọ inú àwo yìí báyìí, wọ́n á ní mo tún ti rí ẹ̀yìn ẹnì kan sá sí. Àwo àdákọ ni. Èmi nìkan ni kí wọ́n gbọ́."

N kò bá a jà. Mo mọ ìdọ̀tí inú aṣọ, n kò mọ iṣẹ́ àwo.

Nígbà tí àwo náà jáde, ó kọ́kọ́ gbé e wá sílé wa kí ó tó gbé e lọ síbikíbi. Èmi àti Màmá ń ká aṣọ lọ́wọ́, Màmá ń lé orin. Ìkẹyìn gbé sípíkà kékeré kan sójú fèrèsé, ó tẹ̀ ẹ́.

Màá sọ òótọ́: ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ ọ́ débi pé Ọ̀gá gan-an ni mo gbọ́. Màmá náà gbọ́ Ọ̀gá. Ó pa ẹnu dé láàárín ọ̀rọ̀. Etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ funfun tí mo ti lọ tán balẹ̀. Ó nàró, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ náà sì nà. Apá rẹ̀ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ó tẹjú mọ́ sípíkà.

Ìkẹyìn bú sẹ́kún ayọ̀. "Àǹtí mi, ẹ wò ó! Ó mọ̀ mí! Ó mọ ohùn mi!"

Mo mọ ìdúró yẹn. Orin dé ibi ègbè, dùùrù wọlé. Mo rí ọ̀fun Màmá tó gbéra, ètè rẹ̀ kò là. Ó ń wá ọwọ́ òsì, sípíkà kò sì lọ́wọ́. Orin kìn-ín-ní kọjá lọ báyẹn, èkejì tẹ̀ lé e. Títí àwo fi parí ló wà lórí ìdúró, obìnrin arúgbó, ó ń retí kí wọ́n pe òun wọlé.

Lọ́jọ́ kejì mo na etí aṣọ sí i, kò lé orin. Mo ní kí èmi lé e fúnra mi. Mo la ẹnu, ó sì yíjú sí mi bí ẹni tí ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ o, ìyá alágbàfọ̀. Ọ̀gá ò tíì ṣe tán."

Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Kò jẹun lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àfi omi tí mo ń fi òwú tọ́ sí i létè. Dókítà ní bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àwọn máa ki rọ́bà gba ihò imú rẹ̀ dé ikùn. Mo pe Ìkẹyìn.

"Màmá ò jẹun."

"Ẹ fi orin bọ́ ọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

"Kò lé orin mọ́. Ó ń dúró dè ẹ́. O ń lé, o ò pè é wọlé."

Ó ní, "Ìrìn àjò tí mo fẹ́ fi gbé àwo náà káàkiri máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí." Ó wá ní, "Mò ń bọ̀."

Ó dé, kò tíì jókòó, ó dúró níwájú Màmá, ó lé e: "Ta ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn?" Mo ní, "Ọwọ́ òsì." Ó gbé ọwọ́ òsì. Màmá wọlé, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kò ṣáájú, kò pẹ́: "Ẹni wa ni, ẹ jẹ́ kó wọlé." Bí ẹnu rẹ̀ ti là ni mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó gbé e mì. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí abọ́ fi gbẹ, èmi àti àbúrò mi sì dì mọ́ ara wa.

Màmá kò ṣe ju ègbè náà lọ. Bí Ìkẹyìn bá ti dákẹ́, ó parí. A ya Ìkẹyìn sínú fóònù, ọwọ́ òsì àti gbogbo rẹ̀, pé kí n máa fi hàn án. Màmá wo ẹ̀yìn fóònù bóyá Ọ̀gá wà níbẹ̀, ó sì di eyín pọ̀. Ọwọ́ nìkan ni èmi ní, n kò ní ohùn Ọ̀gá.

Ọkùnrin tó ń ṣètò ìrìn àjò náà wá bá wa nílé. Bàtà rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ ń dán jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ìràwọ̀ kì í gbé inú àpótí. Gbogbo ayé ń retí ìmọ́lẹ̀ àbúrò yín."

Mo ní, "Ìyá mi kì í jẹ ìmọ́lẹ̀."

"A lè bá a wá nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́."

"Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn mọ orin lé?"

Ó yíjú sí Ìkẹyìn. "Ó di dandan kó o sọ̀rọ̀. Bí o ò bá lọ, ẹlòmíràn á kọ ọ́. Orin Ọ̀gá ni, kì í ṣe tìrẹ. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́."

Ìkẹyìn wo Màmá, tó jókòó, tó ń wo ọwọ́ òsì Ìkẹyìn. Ó ní, "Kí ẹlòmíràn kọ ọ́."

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú yàrá tí mo ń kó ọṣẹ sí. Ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ó ń lé orin, Màmá ń gbè é, èmi ń di ṣíbí mú. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sílẹ̀ níwájú àga Màmá, ó ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lé e lónìí, Màmá. Èmi á gbè é." Ó jẹ́ kí apá rẹ̀ sinmi, ó pa ẹnu dé, ó ń wo ọwọ́ òsì Màmá. Màmá ń wo tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mira. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ títí ọbẹ̀ fi dì. Nígbà tó yá, Ìkẹyìn dìde, ó nu ojú, ó gbé ọwọ́, ó sì lé e.

Ilé iṣẹ́ àwo mú ọmọbìnrin mìíràn, wọ́n kó àwọn orin náà fún un, ó sì gbé wọn káàkiri. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, òun ni wọ́n rò pé ó kọ àwo yẹn. Màmá kú lórí ìjókòó ní àárọ̀ kan lẹ́yìn oúnjẹ. Kò lé orin kankan mọ́ kó tó lọ.

Ìkẹyìn padà lọ bá ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ní ó ṣì dára, wọ́n sì fún un níṣẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ń wá elégbè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò mi ń dúró sí, òun àti àwọn méjì mìíràn, tí wọ́n ń gbè é.