Ọ̀ọ́dúnrún Ẹyin àti Ìwé Àṣẹ Odò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ má baà máa bi ara yín pé kí ló wí. Ìtàn ìwé àṣẹ àti ẹyin adìẹ ni mo fẹ́ sọ, mo sì ṣèlérí pé kò ní gùn tó ìjókòó ìjọba tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Ìṣẹ̀rí-Olófin, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti ń dágbére fún èèyàn, odò kékeré kan wà tí à ń pè ní Àrọ́bà. Ìdílé Tàjùdíìnì ló ni ilẹ̀ etí rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wẹ́dà ni Tàjùdíìnì kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kó páànù àti irin jọ, ó jó wọn pọ̀ di àgbá kẹ̀kẹ́, ó gbé e sójú omi. Omi ń yí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ń yí dáyínámò, iná ń tàn. Kò pọ̀ o. Gílóòbù mẹ́rin ni, àti àpótí tí Sìkírátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Nusaibah, fi ń sàba ẹyin. Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin ni àpótí náà ń gbà, ooru rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko. Iná ìjọba ńkọ́? Iná tó ń yọjú bí àlejò tó gbàgbé fìlà, tó mú un, tó tún lọ? Ìyẹn ò lè sọ ẹyin kan ṣoṣo di òròmọdìẹ.

Àjọ kan wà nígboro tó ń mójú tó odò tó bá ń mú iná wá. Wọ́n gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí Tàjùdíìnì pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, àti pé kó tó gbà á, aráàlú gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n rí sí i. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ewé mọ́kàndínlógójì. Ojú ewé kẹsàn-án ń béèrè àwọn tí omi máa lé kúrò nílé àti ibi tí wọn ó kó wọn lọ. Tàjùdíìnì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àkèré díẹ̀. Wọ́n mọ̀wẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òṣìṣẹ́ àjọ náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí, dé pẹ̀lú kánópì, àga ike àti láptọ́ọ̀pù kan láti wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ aráàlú. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ṣéènì de kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ dúró. Iná yàrá ẹyin kú.

Sìkírátù sáré jáde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin mi ti lo ọjọ́ méjìdínlógún. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Bó bá tutù, gbogbo wọn ti kú nìyẹn."

"Màdámú, kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bẹ níwájú aráàlú kò gbọdọ̀ yí."

"Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin ni, sà."

Ó ṣí fọ́ọ̀mù, ó wò ó síwá sẹ́yìn. "Ẹyin ò sí nínú ẹ̀. Ẹja wà. Ṣé ẹ ní ẹja?"

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òfin ní gbogbo ọ̀rọ̀ ìjókòó gbọ́dọ̀ wọ inú láptọ́ọ̀pù lójú ẹsẹ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí sì ti kú tipẹ́. Jẹnẹrétọ̀ àjọ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Iná ìjọba ò sí.

Tàjùdíìnì wúkọ́. "Ọ̀gá, iná kan wà nítòsí ṣá o. Ẹ̀yin lẹ so ó mọ́lẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí ronú títí. Ó kọ ìwé ìyọ̀ǹda sí ara rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì tú ṣéènì. Fún àkókò ìjókòó nìkan ni o. Bí wọ́n bá ti pa ìwé dé, ṣéènì á padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, àgbà ìjọ Aládùúrà tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Inú odò yìí la ti ń wẹ àwọn aláìsàn wa. Tàjù, aládùúgbò mi ni ọ́, n ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ti fa iná inú ẹ̀ tán, kí ló kù níbẹ̀ tó máa wo èèyàn sàn? Ìrèké tí wọ́n ti jẹ tán, ta ló ń fún àlejò?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́: ẹni tó ń tọrọ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé omi tó jáde kò kéré sí omi tó wọlé. Ìyá Gift, aránṣọ, sọ ti kòtò ojú títì. Ó kọ ìyẹn náà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn.

"Ṣé ẹnì kan ṣì ní ọ̀rọ̀?" ni Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí wí. "Òfin ní n ò gbọdọ̀ pa ìwé dé bí ẹnì kan bá ṣì ń nawọ́. Bílẹ̀ bá sì ṣú, láptọ́ọ̀pù yìí á wà ní títàn mọ́jú ni, torí bó bá kú ká tó parí, gbogbo ọ̀rọ̀ yín pòórá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Sìkírátù létí. Ó rọra rìn lọ sẹ́yìn àga Bàbá Ọdẹ́tọ́lá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ máa bá wa jà nìṣó."

"Ìyá Nusaibah, mo ti sọ tèmi tán."

"Ẹ tún un sọ."

"Kí ìwé àṣẹ wá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́?"

"Ìwé ò lè tutù, Bàbá. Ẹyin ló ń tutù."

Bàbá wo yàrá ẹyin. Ó nawọ́. "Ọ̀gá, mo gbàgbé nǹkan kan."

Nǹkan náà gba wákàtí méjì. Láti ìgbà ìkún omi Nóà ló ti mú un bọ̀. Bó ṣe jókòó, Tàjùdíìnì nawọ́, ó ní bí Àlùkùrání ṣe sọ ti Ánábì Núhù yàtọ̀ díẹ̀, kí wọ́n kọ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Gift mú kòtò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti Ìkọ̀tún dé Ìjẹ̀gùn, ó ń sọ ọjọ́ orí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí gbé orí sókè.

"Màmá, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan kẹ̀kẹ́?"

"Ọ̀gá, ẹ ka òfin yín jàre. Ṣé ó ní kó kàn án?"

Ó kà á. Kò ní kó kàn án.

Lọ́jọ́rú, àwọn ará Ìgándò dé, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìjọba kan wà tó ń tẹ́tí. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń sàba ẹyin. Ọkùnrin kan tako kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, ó gbè é lẹ́yìn nírọ̀lẹ́, ó ní òun ò fẹ́ ṣojúsàájú.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá wà lórí ìdúró nígbà kẹrin, ó ti dé orí Mósè, nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kan láti yàrá ẹyin: pio, pio. Bàbá fi Mósè sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo èèyàn yíjú síbẹ̀. Sìkírátù wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú òròmọdìẹ kan tí omi ṣì wà lára rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́.

"Wọ́n ń jáde," ló wí, ó sì ń nu ojú.

Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí fọwọ́ kan ṣéènì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, irùngbọ̀n ti hù. "Ó dáa. Mo bẹ̀ yín, ṣé ẹnikẹ́ni ṣì ní ọ̀rọ̀?"

Ọwọ́ kankan ò sí lókè. Sìkírátù wo òròmọdìẹ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àwọn tí kò tíì gbẹ nínú àpótí. Ó gbé ọwọ́ kejì sókè.

"Ọ̀gá, èmi tí mo ni ẹyin, n ò tíì sọ tèmi."

Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí jókòó padà. Títí di òní, ìjókòó ò tíì parí, ìwé àṣẹ ò jáde, kẹ̀kẹ́ ò sì dúró. Ọ̀gá ti gba yàrá kan ní Ìṣẹ̀rí, òun ló tilẹ̀ ń ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ Sìkírátù jù.

Ìyá Gift fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi nígbà tí mo lọ gba ṣòkòtò mi. Bó ṣe bọ́ sí mi létí ni mo ṣe gbé e kalẹ̀ fún yín. Ṣòkòtò náà ò tíì ṣe, ó ní ìjókòó ò jẹ́ kóun ráyè.